Bátìrì Tí Oríọlá Sá Sóòrùn

Olóríkunkun ni Oríọlá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbà á nímọ̀ràn, á fetí sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì lọ ṣe tinú rẹ̀.

Olùkọ́ ni ní Àkúrẹ́. Inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ni ohùn ìyá wọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà, àdúrà tí màmá gbà fún gbogbo ilé lórí ibùsùn àìsàn kó tó kú. Bàbá wọn kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó ti rẹ Ìtùnú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, láti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. "Màá ṣe é" kò tán lẹ́nu Oríọlá.

Nígbà tó gbé e wá sílé ní Oǹdó fún ọdún Àjíǹde, Ìtùnú rí i pé láptọ́ọ̀pù náà kò ṣeé pa dé mọ́. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan nǹkan yìí mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn tó ń tún un ṣe, kí wọ́n bá wa yọ ohùn màámi."

"Ẹnjiníà Ìtùnú! Ọ̀rinrin ló kó sí i nínú. Oòrùn á fà á, á joro."

"Ṣé kòkó ni?"

Oríọlá rẹ́rìn-ín. Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù, ó yọ bátìrì náà, ó sì sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó bàbá wọn lórí tapólì. Nígbà tó kó o wọlé, ṣe ló tún wú sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi wọ inú láptọ́ọ̀pù padà. Bí iná ṣe dé báyìí, ó ki láptọ́ọ̀pù náà bọ iná lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìtùnú nawọ́ láti yọ ọ́.

"Fi í sílẹ̀! Ṣé tìẹ ni?"

Inú bí Ìtùnú, ó jáde. Oríọlá náà lọ kí aládùúgbò. Kò pẹ́ tí èéfín fi gba ojú fèrèsé jáde. Oríọlá sáré wọlé, ó fọwọ́ gbá láptọ́ọ̀pù náà mú, ọwọ́ méjèèjì sì bó. Iyanrìn ni bàbá fi pa iná náà, lẹ́yìn tí bẹ́ẹ̀dì àti láptọ́ọ̀pù ti jóná tán.

Bàbá kò bá a wí. Ó kàn bi í pé, "Ohùn ìyá yín ńkọ́?"

Oríọlá kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bátìrì tó bá ti wú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Oòrùn kì í wò ó sàn, títẹ̀ kì í wò ó sàn. Ẹ má ṣáájì rẹ̀, ẹ má gún un, ẹ gbé e jìnnà sí ohun tó lè gbiná, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Èyí tó dára pàápàá, orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni a ti ń ṣáájì rẹ̀. Ohun tí a kò sì lè rí rà mọ́ láyé, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń bẹ̀ wá ṣì ń bẹ̀.