Ẹrù Inú Búùtù

Kí Evelio onítakisí tó mu kọfí rẹ̀ tán, ìyàwó rẹ̀ ti kára jọ sínú búùtù, ó sì ti rọra fa ìdérí rẹ̀ dé.

Tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ á ṣáná sí mọ́tò, á jẹ́ kó máa kùn títí gbogbo àdúgbò á fi jí. Lọ́sẹ̀ yìí, bó bá ti ṣáná báyìí, ó ti yọ́ lọ. Ó tún kó àga ọmọ wọn jáde nínú mọ́tò, àti ère Màríà Wúńdíá tó ń ṣọ́ àwọn awakọ̀. Ta ló fẹ́ gbé tí kò gbọ́dọ̀ rí wọn?

Mọ́tò rọra sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ìlú Manizales, ó dúró.

“Evelio, o ti dé?”

Ohùn obìnrin! Ìyàwó payín keke nínú búùtù.

“Ẹ káàárọ̀, tíṣà.”

“Jẹ́ n wo iye epo tó mu. Háà! Láti Mọ́ńdè ni epo àti èéfín rẹ ti ń dínkù. Kí ló dé tó tún fi lọ sókè lónìí? Ṣé o ò kó ẹrù sí i?”

“Rárá o! Mo kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ àwa onítakisí ká lè dín epo kù, títí kan Wúńdíá.”

“Búùtù ńkọ́?”

“Òfìfo ni.”

“Ṣí i.”

Nínú òkùnkùn, ìyàwó ń ké pe Wúńdíá, àmọ́ Wúńdíá wà nílé.