Akínpẹ̀lú Tó Tún Ojú Bàbá Ṣe

Ìwà kan ló ba ti Akínpẹ̀lú jẹ́: kò lè rí nǹkan kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì mọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò lè bá a jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ìtàn fún yín, ẹ mọ̀ pé ó ti fi iyọ̀ sí i. Bó bá ya ìyàwó rẹ̀ ní fọ́tò, á fi fóònù mú ojú rẹ̀ dán títí obìnrin náà á fi dà bí ọmọ ọwọ́.

Ẹbí rẹ̀ ní Èmùré fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí fún Bàbá Jẹ́jẹ́, bàbá bàbá rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dá oko kòkó. Akínpẹ̀lú ní òun yóò ṣe ìwé nípa bàbá náà. Òun ni yóò kọ ọ́, òun ni yóò to àwòrán inú rẹ̀, òun náà ni yóò ṣe èèpo rẹ̀. Inú ẹbí dùn. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun kọ ìwé nípa òun?

Fọ́tò Bàbá Jẹ́jẹ́ kan ṣoṣo ló wà láyé, ara ògiri Màmá Àtinúkẹ́ ló sì wà. Màmá yìí ni àbígbẹ̀yìn bàbá náà, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Akínpẹ̀lú wá gba fọ́tò náà, ọwọ́ Màmá kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Màmá fi ohùn Èkìtì rẹ̀, tó máa ń pe ilé ní ulé, pe ilà ní ulà, sọ pé, "Ojú baba mi rèé o. Kò sí òmíràn. Dá a padà sí ulé mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Bí mo bá ti ṣe tán, màá gbé e wá."

Màmá wá sọ ìtàn fún un. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ibà dá òun wó, kò sì sí ọkọ̀. Bàbá gbé òun lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn láti Èmùré dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́.

"Ulà kan gbọọrọ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ baba mi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Uka mi wà lójú ulà yẹn títí a fi dé. Òun ni mo dì mú."

Akínpẹ̀lú ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà lórí èèpo ìwé.

Nígbà tó délé, ó rí i pé fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Adéfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní, "Dádì Favour, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bá àwọn afọ́tò, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́."

"Mo ti yà á sínú fóònù. Kí ló tún kù?"

Ó fà á. Ojú bàbá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ìwé ya. Ó kó àjákù rẹ̀ dà nù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Èmùré. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní kó bá òun tún bàbá ṣe. Ó nu ilà ojú kúrò, ó ní ilà kò bá ayé ìsinsìnyí mu. Ó dé e ní fìlà olóyè, ó gbé mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé náà, ìrìn ẹsẹ̀ ti di ìrìn mọ́tò.

Adéfúnkẹ́ wò ó. "Ṣé Bàbá ní mọ́tò ni?"

"Ìwé là ń ṣe, Adéfúnkẹ́. Ta ló fẹ́ ka ìtàn ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni."

 Akínpẹ̀lú fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó sì pa ti inú fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọjọ́ ìsìn pé. Ìwé náà ń dán, gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí Akínpẹ̀lú. Wọ́n gbé ti Màmá lé e lọ́wọ́. Ó wo èèpo rẹ̀ pẹ́.

"Ta lẹni yìí?"

"Bàbá yín ni, Màmá."

Màmá ń fi ìka wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòrán náà. "Ulà baba mi dà?"

"Mo yọ ọ́ ni, kó lè dùn ún wò."

"Ó dáa. Máa mú uwé rẹ lọ. Gbé fọ́tò mi fún mi."

Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀. "Ó ti ya, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Lawrence, ìbátan rẹ̀, ní, "Tinú fóònù ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

 Màmá sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Mo ti darúgbó, mò ń gbàgbé. Bí mo bá wò ó ni mo fi ń rántí rẹ̀. Kí ni kí n máa wò báyìí?"

Kò sẹ́ni tó mú ìwé náà lọ sílé. Akínpẹ̀lú padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ dá ilà náà padà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kò mọ̀ bóyá ilà náà dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu tàbí kò dé e. Òun tó ti tẹjú mọ́ fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, kò fi ọkàn wò ó rí. Gbogbo èyí tó gbé wá ni Màmá ń mi orí sí: "Kò jọ ọ́."

Màmá kú kí òjò ọdún náà tó dá. Nígbà tí ẹbí fẹ́ ṣe ìwé ìsìnkú rẹ̀, Akínpẹ̀lú dìde láti gba fọ́tò Màmá. Lawrence ti fọ́tò náà bọ abẹ́ agbádá.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé, tí ẹ ń fọwọ́ ara yín to àwòrán sí i, ẹ fetí sí èyí. Ojú ẹni tí a gbé lé yín lọ́wọ́ kì í ṣe tiyín, ìtọ́jú ni wọ́n fi fún yín. Ẹ kọ òtítọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì tọ́jú ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹwà tí ó bá jẹ́ kí ọmọ má mọ bàbá rẹ̀ mọ́, ìbàjẹ́ ni.