Mo-ti-mọ̀ àti Ehín Ìyàwó Rẹ̀

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn kò tíì rí oògùn rẹ̀, bóyá torí pé àwọn gan-an ló ń ṣe jù. Orúkọ rẹ̀ ni "mo ti mọ̀." Ó mú ọkùnrin kan débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí o bá sọ fún Mo-ti-mọ̀ pé iná ń jó ṣòkòtò rẹ̀, á kọ́kọ́ ní òun ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè.

Dókítà ehín ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ohun tí a lè fi dí ihò ehín tí kò ní tètè fọ́. Ó po nǹkan funfun kan tó rọ̀ bí amọ̀, tó sì ń le bí òkúta bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ aró sí i. Ní yàrá ìwádìí wọn, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ajẹ́máyòó: irin kan ń ti òkè já lu èkejì nísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹnu tí kì í yó. Mo-ti-mọ̀ á fi ehín yíyọ tó ti fi nǹkan náà dí sáàárín wọn, á jókòó tì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì, á sùn síbẹ̀. Ajẹ́máyòó mọ bó ṣe ń hanrun ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ yà sílé wá pààrọ̀ ẹ̀wù, ó bi í pé, "Olówó orí mi, ṣé ẹ máa sùn nílé lónìí?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbó lára ibùsùn wa. Èkejì ṣì le bí ọjọ́ tí a rà á."

"Mo ti mọ̀."

"Tí mo bá sì jí, àgbọ̀n máa ń ro mí bí ẹni tó fi gbogbo òru jẹ egungun."

"Mo ti mọ̀." Ó ti wọ bàtà tán.

Dókítà ehín nìyẹn o! Ẹni tó wá béèrè ọ̀nà lẹ́nu ilẹ̀kùn ì bá dúró bi obìnrin náà pé kí ló ṣe àgbọ̀n rẹ̀.

Obìnrin àgbà tó kọ́ Mo-ti-mọ̀ níṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awò torí awò ojú méjì tó máa ń so kọ́rùn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Ọmọ mi, gígún ni ẹ̀rọ yìí ń gún, kì í lọ̀. Ẹnu kì í ṣe odó nìkan, ọlọ ni pẹ̀lú. Ehín ń já lura, ó sì tún ń yí sọ́tùn-ún yí sósì. Àwọn mìíràn ń pa á keke lójú oorun, ìyẹn sì le ju jíjẹun lọ. Jẹ́ ká tún ẹ̀rọ ṣe kó máa lọ̀, ká tún dán an wò."

"Mo ti mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa ò ní pẹ́ dé."

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Kò dúró. Ihò wà nínú ehín ńlá kan lẹ́yìn ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dí i, kó lè fi í han àwọn àlejò. Bó ṣe tẹ̀ sórí rẹ̀, obìnrin náà lajú sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí ojú ọkọ rẹ̀ ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó wù ú kí ihò náà jìn sí i.

Oṣù díẹ̀ kọjá, àlejò dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kún yàrá ìwádìí, wọ́n na ọrùn bí ọ̀kín. Mo-ti-mọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní búrẹ́dì gbígbẹ kan. "Gé e jẹ, kí wọ́n rí i."

Ó gé e. Kà! Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ìyá Awò tànmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dí i ti fọ́, ehín sì ti là dé gbòǹgbò. "Ìyàwó, ṣé o máa ń pa ehín keke lójú oorun?"

"Mi ò lè sọ, mà. Ẹni tó sùn kì í gbọ́ ariwo ara rẹ̀. Ẹ bi ọkọ mi."

Ìyá Awò yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó ń pa á keke?"

Ọkùnrin tó ti mọ ohun gbogbo láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i wo ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó wo Ajẹ́máyòó.

"Mi ò mọ̀," ló sọ níkẹyìn.

Wọ́n gba iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí a ṣe ń fọ ehín. Wọ́n yọ ehín ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ṣebí ahọ́n àti ehín ń jà, wọ́n sì ń parí ẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àlàfo ẹnu rẹ̀ hàn. "Ehín dà? Olówó orí mi, mi ò bá yín jà. Mo dúró dè yín títí, ó rẹ̀ mí ni."

Nílé ni Mo-ti-mọ̀ ń sùn báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ti gbó. Ìyá Awò ti tún Ajẹ́máyòó ṣe, ó ń lọ̀ báyìí: keke, keke. Lọ́sàn-án, bí Mo-ti-mọ̀ bá kọ́ àwọn ọmọ tán, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, á dijú, á máa gbọ́ ọ.

"Mà, ṣé bó ṣe máa ń dún lẹ́nu èèyàn nìyí?"

"Bó ṣe máa ń dún nìyẹn, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ká-ní-mo-mọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, tí ẹ sì ń mi orí pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ìmọ̀ tí kò jẹ́ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, àìmọ̀ tó wọ ẹ̀wù funfun ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ará ilé rẹ bá ní ibì kan ń ro òun, bi í léèrè. Bó bá ní kí o wá sílé, tètè lọ. Ohun tí a kọ̀ láti gbọ́ lófẹ̀ẹ́ nílé, a ó wá a kiri níbi tí kò sí mọ́.