Igbó Òdìkejì Odò

Ọ̀rọ̀ Tíṣà Fádípẹ̀ ń rí Wúràọlá lára. Wúràọlá ló ń ta ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìlá, lọ́dún kejì tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Kò sí ẹni tó ń fọ abọ́ bíi tirẹ̀. Aṣọ funfun ló fi ń bo bàsíà ìrẹsì, ẹran rẹ̀ sì tóbi ju owó rẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdẹ ni Fádípẹ̀, ará ìlú Iresi. Inú igbó ni baba rẹ̀ ti kọ́ ọ lóhun tó mọ̀ kó tó fojú kan síléètì, kò sì rí ìdí tí ọmọ yóò fi máa wo ewé nínú ìwé nígbà tí ewé wà níta. Láràárọ̀ ló ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wọgbó. Wọn a fọwọ́ tú ìgbẹ́ ẹranko kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ. Wọn a gbẹ́lẹ̀ wá ekòló. Bí agogo oúnjẹ bá dún, ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń nà sí Wúràọlá.

Ọmọ́tọ́lá, ọmọ kíláàsì kẹrin, ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó ní Tíṣà ń kó àwọn lọ sí òdìkejì odò lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn lọ wo bí igún ṣe ń jẹun.

Wúràọlá ju ìgbakọ sílẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gba àwọn ọmọ yìí. Bí àrùn bá wọlé, èmi tí mò ń fún wọn lóúnjẹ ni wọ́n máa dárúkọ."

Wọ́n pe Fádípẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní igún ló ń gbálẹ̀ igbó, ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sọ òkò lù ú. Ọ̀gá wo èékánná rẹ̀, ó wo aṣọ Wúràọlá tó mọ́ tónítóní.

"Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́," ló wí. "Inú kíláàsì ni láti òní lọ. Bí o bá tún jáde, wọ́n á gbé ọ kúrò níbí lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Ire."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń ka igún lójú pátákó. Wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, Wúràọlá sì fi ẹran kún un fún olúkúlùkù.

Nígbà tí wọ́n túká, Wúràọlá ru agbọ̀n kọjá odò, ó lé igún sẹ́yìn, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bo orí àti awọ ewúrẹ́ mẹ́ta tó rà lóko lẹ́yìn tí àìsàn ti pa wọ́n mọ́lẹ̀, ó sì padà sílé lọ dáná yan ìyókù ẹran wọn de àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé.