Ẹni Tí A Kò Kí

Adégbìtẹ́ onífọ́tò kì í kí àwọn tó ń yà. Ẹni tó bá dá jókòó níta ló ń wá kiri, ó sì gbà pé ẹni tí a bá ti kí kò dá wà mọ́. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yọ́ rìn tó òun.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù kí àfihàn rẹ̀ pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí rélùwéè tó kẹ́yìn ti lọ, ó rí ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ńṣì ní ibùdókọ̀. Ó yà á. Kámẹ́rà dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò ó lọ́kàn pé ibùdókọ̀ tó ṣófo náà ló ń dá ohùn rẹ̀ padà. Ó tún yà á, ó tún dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́," ni ìyá náà wí.

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ta wá ni ẹni tó ń ya ìwọ náà láti ẹnu géètì? Òun náà ò kí mi. Mo ṣe bí ọ̀gá rẹ ni."

Adégbìtẹ́ ti kámẹ́rà bọ àpò, ó fa síìpù rẹ̀. Kò lè bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ, mà."

Ìyá náà ti dìde. "Má bínú, ọmọ mi. Ó ń juwọ́ sí mi pé kí n kúrò nínú fọ́tò."

Bàtà ìyá náà ń dún lọ títí tí kò fi dún mọ́. Kámẹ́rà wá dún lẹ́yìn Adégbìtẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.