Orin Inú Oyún

"Ẹ wò ó, ó ti yíjú," ni nọ́ọ̀sì wí. Lójú ẹ̀rọ tó fi ń wo inú aláboyún, ọmọ náà kọjú síbi tí ọkọ obìnrin náà ti ń súfèé orin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Orin náà já ìyá-ọkọ tó dúró tì wọ́n láyà.

"Ṣé ọpọlọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni?" ni ọkọ béèrè.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, sà. Ohun tó bá ń gbọ́ lemọ́lemọ́ níbẹ̀ lè má kúrò lórí ẹ̀ bọ̀rọ̀."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Abájọ. Látìgbà tí ìyàwó mi ti lóyún ni orin yìí ti dédé bọ́ sí mi lẹ́nu. Màámi, ṣé ẹ máa ń kọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ lóyún mi ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ rí," ni ìyá rẹ̀ yára dáhùn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ọkọ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló ń súfèé yẹn? Àbúrò mi nìkan ló mọ orin yẹn, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí ẹ. Obìnrin kan ló máa ń fi í pè. Kò dárúkọ ẹ̀ fún mi títí tó fi lọ."

Ọwọ́ ìyá-ọkọ ti lọ bo ikùn ara rẹ̀, bàbá ọkọ sì ń wo ọwọ́ náà.