Ìdánwò Ẹni Tó Fẹ́ Fẹ́ Harin

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ́ Harin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò níwájú bàbá rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wọn ní Gunsan, ní ilẹ̀ Korea, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni Ọ̀gbẹ́ni Bong ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń yẹ èèyàn wò: ìbéèrè kan, ìdáhùn márùn-ún lábẹ́ rẹ̀, kí o yan ẹyọ kan. Nígbà tí Harin wà ní kékeré tó ní òun fẹ́ ajá, ìdánwò ni bàbá rẹ̀ gbé fún un. Ó yege, wọ́n ra ajá.

Ọkùnrin méjì ti jókòó síbẹ̀ rí. Èkíní ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó gba mẹ́rin nínú ogún. Èkejì jẹ́ dókítà eyín. Òun gba mẹ́ta, ó sì bínú débi pé bàtà Ọ̀gbẹ́ni Bong ló wọ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ ti báńkì, Harin wà ní yàrá rẹ̀, ó ń kun èékánná. Lọ́jọ́ ti dókítà, ó ń bá rédíò kọrin.

Ẹnì kẹta ni Giltae, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté. Òun àti ìwé kò rẹ́ rí. Ó sọ fún Harin bẹ́ẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan létí omi, ọbẹ̀ ẹja ń tutù níwájú wọn.

"Mo ti kú, Harin."

"O ò tíì kú. Gbọ́." Harin sún abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má yan ìkíní láé. Bàbá mi gbà pé ọ̀lẹ ló ń mú ohun tó kọ́kọ́ rí."

"Ìkíní, rárá. Mo ti gbọ́."

"Èyí tó bá ní 'nígbà gbogbo' nínú, fagi lé e. Èyí tó bá gùn jù, òun ni kó o mú. Tí bàbá bá ń kọ ìdáhùn tòótọ́, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n kí ẹnì kan má lọ bá wọn jiyàn, wọ́n á wá máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Tí méjì bá ta ko ara wọn, mú èyí tó wà nísàlẹ̀."

"Tí gbogbo wọn bá wá rí bákan náà ńkọ́?"

"Ìkẹrin."

"Nọ́ńbà ikú yẹn, tí ìró rẹ̀ jọ ti ikú lẹ́nu?"

"Àwọn èèyàn ń sá fún un. Ìyẹn gan-an ni bàbá ṣe ń kó ìdáhùn pamọ́ síbẹ̀."

Giltae họ orí. "Ṣé èyí ò ti di jìbìtì báyìí?"

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi, àbí o ò fẹ́?"

Giltae kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Ó ń wí i lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń wí i lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ó ti wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan.

Nígbà tí ọjọ́ Sunday pé, Ìyá Harin so ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó pa fìríìjì nítorí ariwo rẹ̀, ó sì lọ bẹ ará ilé kejì pé kó má tíì lu ìṣó. Bí Giltae ṣe bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà, ìyá náà ki àádùn ìrẹsì tó ń fà mọ́ eyín sí i lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi, kí ìdánwò náà lè lẹ̀ mọ́ ọ lára. Ṣé o ò jẹ ọbẹ̀ ewé òkun láàárọ̀?"

"Mi ò jẹ ẹ́, mà."

"O ṣeun. Yíyọ̀ ni ìyẹn, ìdánwò á yọ̀ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Bong wọ kóòtù, ó so táì. Ó gbé bébà ìdánwò lé Giltae lọ́wọ́, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ilé ìwé ló kún yàrá náà.

Ìbéèrè kìíní ni pé: *Ìyá ìyàwó rẹ fún ọ ní kimchi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ àti ata, tó ti kan jù. Kí ni wàá ṣe?* Ìkíní: jẹ ẹ́. Ìkejì: máa jẹ ẹ́ nígbà gbogbo. Ìkẹta: jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, yìn ín, kí o sì béèrè bí orúnkún tó ń dùn wọ́n ṣe rí. Ìkẹrin: sunkún. Ìkarùn-ún: gbé e fún ajá. Giltae yan ìkẹta.

Ìbéèrè keje ń béèrè iye ológbò tó yẹ kó wà nínú ìgbéyàwó tó dára. Giltae wo ìdáhùn márààrún títí, kò rí ìyàtọ̀. Ó yan ìkẹrin: ológbò mọ́kànlá.

Kò sí orin kankan nínú yàrá Harin. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé omi kọjá rí i tó kúnlẹ̀, tó fi etí lé ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Bong fi yíǹkì pupa máàkì. Nígbà tó parí, ó tún un máàkì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogún nínú ogún.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá." Etí Giltae ti pọ́n.

"Ìwọ tí ò ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìwọ lo mọ̀ pé ológbò mọ́kànlá ni?"

"Ó... ó kàn jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi ni, bàbá."

Ọ̀gbẹ́ni Bong tẹjú mọ́ ọn. Giltae bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Ilẹ̀kùn yàrá Harin dún fẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Bong wá tú táì ọrùn rẹ̀.

"Ìyá Harin! Ẹ gbé oúnjẹ wá. Ebi á ti máa pa àna wa."

Harin jáde, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n jẹun, ará ilé kejì padà sídìí ìṣó rẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì sì mú ajá rìn lọ sétí òkun. Ìyá Harin jókòó, ó gbé bébà ìdánwò náà sójú, ó kà á lọ, ó kà á bọ̀.

"Bàbá Harin, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ológbò mọ́kànlá?"

"Kò nídìí," ni ọkọ rẹ̀ sọ, "kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀ tó ní ìdáhùn gidi, Harin nìkan ló mọ ibi tí mo máa ń fi èyí tí mo bá mú pamọ́ sí, mo kàn fẹ́ mọ ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ máa sọ ọ́ fún ni."